Orí Kẹjọ: Dísìkì Gbalasa àbí Fáìlì? Ibi tí Dátábéèsì ń Kó Ẹrù Rẹ̀ Sí

Ní orí keje, a rí bí dátábéèsì ṣe ń gé téébù sí ojú-ewé kéékèèké: 8KB ni ojú-ewé PostgreSQL, 16KB ni ti InnoDB tó wà nínú MySQL. A dá ọ̀rọ̀ náà dúró síbi tí ojú-ewé kan ti fẹ́ kúrò nínú RAM, kó bọ́ sórí dísìkì. Ta ló máa gbé e débẹ̀? Ṣé dátábéèsì fúnra rẹ̀ ni, àbí ètò fáìlì tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà kí dátábéèsì tó dé?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1981, Michael Stonebraker, ẹni tó wà nídìí Ingres tó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó wá di PostgreSQL, kọ àròkọ kan sínú Communications of the ACM. Ohun tó rò níbẹ̀ ni pé ìrànlọ́wọ́ tí ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń ṣe fún dátábéèsì kò bá ohun tí dátábéèsì ń wá mu. Fún ọdún púpọ̀, Sybase àti Informix ń gba àwọn oníbàárà wọn níyànjú pé kí wọ́n má fi dátà sórí fáìlì, kí wọ́n fún dátábéèsì ní dísìkì gbalasa, èyí tí ètò fáìlì kankan kò sí lórí rẹ̀. Oracle náà gbà á láàyè. Lónìí, orí fáìlì ni ọ̀pọ̀ jù lọ dátábéèsì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú dátà ní Lekki, tàbí tó fẹ́ máa bójú tó sáfà ilé-ìwòsàn kékeré kan ní Ajah, gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí fi kúrò lórí fáìlì, àti ìdí tí púpọ̀ nínú wọn fi padà.

Dísìkì kò mọ orúkọ

Dísìkì kò mọ ohun tó ń jẹ́ fáìlì. Búlọ́ọ̀kù tó ní nọ́ńbà nìkan ló mọ̀, láti orí 0 títí dé èyí tó kẹ́yìn. Báìtì 512 ni búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan lórí dísìkì àtijọ́. 4,096 ló wọ́pọ̀ lórí àwọn tuntun. Bí o bá ní kó gbé búlọ́ọ̀kù 81,920 wá, á gbé e wá. Kò ní béèrè bóyá ìwé owó-oṣù ló wà níbẹ̀ tàbí fọ́tò ìgbéyàwó. Orúkọ, fódà, ẹni tó ni ín, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ètò fáìlì ló mú gbogbo ìyẹn wá. Ext4 àti XFS la máa ń bá pàdé jù lórí Linux, NTFS ni ti Windows. Ètò fáìlì ní ìwé ìṣirò tirẹ̀ tó ń kọ sórí dísìkì kan náà: búlọ́ọ̀kù báyìí jẹ́ ti fáìlì yìí, báyìí jẹ́ ti fáìlì yẹn, báyìí ṣì ṣófo.

Ẹni tó ti ra ilẹ̀ rí lápá Sangotedo tàbí Badore yóò tètè rí ìyàtọ̀ náà. Bí o bá ra ilẹ̀ gbalasa lọ́wọ́ ẹbí, ìwọ lo máa wá sọ̀fíyọ̀, ìwọ lo máa la ọ̀nà, ìwọ lo máa gbẹ́ kànga, ibi tó bá sì wù ọ́ lo lè kọ ilé ìdáná sí. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá dé, tí kò rí ògiri, tí kò rí pátákó, tó sì da yanrìn síbẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Bí o bá ra ilé nínú ẹ́sítéètì, wọ́n ti la ọ̀nà, géètì wà, olùṣọ́ wà, o ń san owó ẹ́sítéètì, àlejò rẹ kò sì lè wọlé láì gba ẹnu géètì. Dísìkì gbalasa ni ti àkọ́kọ́, ètò fáìlì ni èkejì. Owó ẹ́sítéètì níbí ni àkókò àti ìrántí tí kọ̀ǹpútà ń ná sórí ìṣètò náà.

Lórí Linux, dísìkì kejì nínú sáfà sábà máa ń jẹ́ /dev/sdb, ìpín àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ á sì jẹ́ /dev/sdb1. Bí o bá fi mkfs.ext4 ṣètò rẹ̀, tí o sì so ó mọ́ /var/lib/postgresql, ọ̀nà fáìlì lo gbà. Bí o bá fi orúkọ /dev/sdb1 gan-an lé dátábéèsì lọ́wọ́, ọ̀nà dísìkì gbalasa lo gbà yẹn. InnoDB ṣì fàyè gbà á. A ó kọ ìlà yìí sínú fáìlì ìṣètò rẹ̀:

innodb_data_file_path=/dev/sdb1:20Gnewraw

A ó tan sáfà kó lè pèsè ìpín náà sílẹ̀, a ó pa á, a ó yí newraw padà sí raw, ká tó tún tàn án. Ṣọ́ra níbí o! Bí newraw bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí sáfà tún dìde, InnoDB á gbà pé ìpín tuntun ni, á sì pèsè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohunkóhun tó bá wà lórí rẹ̀ á pòórá. Ìdí nìyẹn tí InnoDB kì í fi jẹ́ kí oníbàárà yí dátà padà níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì wà nínú fáìlì ìṣètò. PostgreSQL ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ dísìkì gbalasa rárá. Fáìlì nìkan ló ń bá ṣe.

Ohun tó lé wọn kúrò lórí fáìlì

Ètò fáìlì Unix ti àwọn ọdún 1970 lọ́ra kọjá àfẹnusọ. Búlọ́ọ̀kù báìtì 512 ló ń lò, bí ọjọ́ sì ti ń gorí ọjọ́, àwọn búlọ́ọ̀kù fáìlì kan ṣoṣo á ti fọ́n káàkiri orí dísìkì, apá tó ń kà á á wá máa sáré síwá sẹ́yìn. Nígbà tí McKusick, Joy, Leffler àti Fabry ní Berkeley ṣàlàyé ètò fáìlì tuntun wọn ní 1984, wọ́n fi hàn pé nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún agbára dísìkì ni ètò àtijọ́ ń rí lò. Tiwọn lè dé 47. Wo nọ́ńbà yẹn bí ẹni tó ń ta dátábéèsì. Oníbàárà rẹ ra dísìkì olówó gọbọi, kò sì rí jẹ níbẹ̀ ju ìdá 2 lọ. Ta ni kò ní wá ọ̀nà míràn?

Ìyára nìkan kọ́. Kánẹ́ẹ̀lì, tí í ṣe ọkàn ètò ìṣiṣẹ́, máa ń pa ẹ̀dà búlọ́ọ̀kù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kà mọ́ sínú RAM, bóyá wọ́n á tún béèrè rẹ̀. Dátábéèsì náà ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀. Mú sáfà tó ní RAM 32GB, ká yọ 8GB fún shared_buffers PostgreSQL, èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtọ́ni rẹ̀ ṣe dábàá. Ojú-ewé tó bá ń ti orí dísìkì bọ̀ á kọ́kọ́ balẹ̀ sọ́dọ̀ kánẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà la ó tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú 8GB ti dátábéèsì. Ojú-ewé kan ti gba ibùsùn méjì, ẹ̀rọ ìṣirò sì ti fi àkókò ṣòfò lórí ṣíṣe ẹ̀dà.

Èyí tó dun Stonebraker jù ni pé kánẹ́ẹ̀lì kò mọ ohun tí dátábéèsì ní lọ́kàn. Ká ní báńkì kan fẹ́ ṣírò èlé ní òpin oṣù, tó sì ka téébù àwọn oníbàárà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kánẹ́ẹ̀lì á rí i pé àwọn ojú-ewé wọ̀nyẹn ni wọ́n lò kẹ́yìn, á di wọ́n mú, á sì lé àwọn ojú-ewé atọ́ka tí wọ́n ń lò ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá síta. Dátábéèsì mọ̀ pé òun kò ní padà sórí téébù náà títí di oṣù tó ń bọ̀. Kò sí bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún kánẹ́ẹ̀lì nígbà náà lọ́hùn-ún. Ó tún kù: dátábéèsì gbọ́dọ̀ pinnu èyí tó máa kọ́kọ́ dé orí dísìkì, ìwé àkọsílẹ̀ àyípadà ṣáájú, ojú-ewé lẹ́yìn. Kánẹ́ẹ̀lì ń kọ wọ́n bó ṣe wù ú.

Ọ̀rọ̀ títì ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ètò fáìlì Unix, bí ẹnìkan bá ń kọ nǹkan sínú fáìlì kan, kánẹ́ẹ̀lì á ti fáìlì náà pa títí ẹni náà á fi ṣe tán. Dátábéèsì kò fẹ́ ìyẹn. Ó ti ní ètò ìtìpa tirẹ̀ tó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni ọgọ́rùn-ún lè fẹ́ kọ ojú-ewé ọgọ́rùn-ún sínú fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú tèmi, èyí ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ ìyára tí àwọn ènìyàn ń ròyìn láàárín dísìkì gbalasa àti fáìlì ní àwọn ọdún 1990. Nígbà tí Oracle sì gbé RAC jáde pẹ̀lú 9i ní 2001, níbi tí sáfà bíi mélòó kan ti ń lo dísìkì kan náà pọ̀, ètò fáìlì lásán kò lè ṣe é, nítorí sáfà kọ̀ọ̀kan á rò pé òun nìkan ló ni dísìkì. Dísìkì gbalasa ṣe é láìsí wàhálà.

Ìyà tó wà nínú rẹ̀

Lórí dísìkì gbalasa, ls kò ní fi ohun kankan hàn ọ́, cp kò ní ṣiṣẹ́. O gbọ́dọ̀ pinnu bí ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe máa tóbi tó kó o tó mọ bí dátà ṣe máa pọ̀ tó. Bó bá kún, o á wá ìpín míràn. Iṣẹ́ bákọ́ọ̀pù di ti dd, irinṣẹ́ tí àṣìṣe lẹ́tà kan lè fi pa gbogbo dísìkì rẹ́. Èyí tó burú jù ni pé ìpín náà dà bí ìpín òfìfo. Alábòójútó tuntun á dé lọ́jọ́ Ajé, á rí /dev/sdc1 tí kò ní ètò fáìlì, á rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀, á sì fi mkfs lé e. Mkfs kì í pẹ́. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń pààrọ̀ léraléra, tí ìwé àkọsílẹ̀ kò sì sí, ewu yìí tóbi ju èrè ìyára èyíkéyìí lọ.

Ọ̀nà àárín

Ní 2001, Linux 2.4.10 mú O_DIRECT wá. Ètò tó bá fi àmì yìí ṣí fáìlì á máa kà, á sì máa kọ, tààrà láàárín ìrántí tirẹ̀ àti dísìkì, láì gba ibi ìpamọ́ kánẹ́ẹ̀lì kọjá. Fáìlì ṣì ní orúkọ, ls ṣì ń rí i, bákọ́ọ̀pù ṣì rọrùn, àmọ́ ibùsùn méjì ti di ẹyọ kan. InnoDB ń lò ó bí o bá fi innodb_flush_method sí O_DIRECT, èyí sì ni MySQL 8.4 fi ṣe ìpìlẹ̀ lórí Linux. Ètò fáìlì AIX àti ti Veritas náà wá ọ̀nà tí ẹni púpọ̀ fi lè kọ nǹkan sínú fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà láìsí títìpa. Báyìí ni àwọn ẹ̀sùn àtijọ́ ń tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn /dev/raw tí Linux ní tẹ́lẹ̀ fún dísìkì gbalasa, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá nínú Linux 5.14 ní 2021, ènìyàn díẹ̀ ló sì kíyè sí i.

Oracle gba ọ̀nà tirẹ̀. Pẹ̀lú 10g, ó gbé ASM dé, alábòójútó tó ń gba dísìkì gbalasa lọ́wọ́ rẹ, tó ń gé e sí ẹyọ 1MB kọ̀ọ̀kan, tó sì ń pín dátà káàkiri orí gbogbo dísìkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 12c ní 2013, Oracle kò fàyè gba kí ènìyàn gbé fáìlì dátà ka orí dísìkì gbalasa lọ́nà àtijọ́ mọ́. Finacle àti Flexcube, ètò ìfowópamọ́ tí púpọ̀ nínú báńkì Nàìjíríà ń lò, Oracle ló sábà máa ń wà lábẹ́ wọn. Nítorí náà, bí o bá rí iṣẹ́ sí báńkì kan ní Lekki Phase 1 tàbí Victoria Island, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ASM lo máa bá níbẹ̀.

Má sì tìtorí èyí rò pé ìrìn àjò náà ń lọ sí apá kan ṣoṣo. Ceph, ètò ìpamọ́ dátà ńlá tí ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú dátà lágbàáyé ń lò, fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá gbé lórí ètò fáìlì. Ní 2017, pẹ̀lú ẹ̀dà tí wọ́n pè ní Luminous, ó kó kúrò, ó bọ́ sórí dísìkì gbalasa pẹ̀lú BlueStore. Ohun tí wọ́n rí ni pé ètò fáìlì kò lè fún wọn ní ìdánilójú pé ọ̀pọ̀ àyípadà máa wọlé pa pọ̀ tàbí kí ẹyọ kan má wọlé, àyàfi bí wọ́n bá kọ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn yẹn ní ọwọ́ tó tó láti kọ ètò ìpamọ́ tiwọn fúnra wọn. Ìyàtọ̀ wọn sí ilé-ìwòsàn Ajah nìyẹn.

Bí iná bá lọ

Ibí yìí ni ìwé tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń sáré kọjá, ó sì jẹ́ ibi tó yẹ ká jókòó sí.

Láti oṣù kẹrin 2024, oníbàárà Eko Disco, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, tó bá wà ní Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Bó bá tilẹ̀ rí i pé pérépéré, wákàtí mẹ́rin ṣì kù fún jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà, ọ̀pọ̀ àdúgbò kò sì sí ní Band A. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹ̀rọ iná gbogbogbòò orílẹ̀-èdè yìí wó lulẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Sáfà tó wà lábẹ́ tábìlì akọ̀wé nílé-ìwé aládàáni kan, tó ń lo bátìrì ínfátà tó ti gbó, yóò kú lójijì. Ohun tí dátábéèsì ní láti ro ni pé irú ikú bẹ́ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀, á sì tún ṣẹlẹ̀.

Jẹ́ ká tẹ̀ lé ojú-ewé kan. Ẹnìkan san ₦5,000 nípasẹ̀ POS nítòsí ọjà Ajah. Dátábéèsì yí ojú-ewé àkáùntì rẹ̀ padà nínú RAM. Kó tó fèsì pé COMMIT ti yọrí, ó gbọ́dọ̀ kọ àyípadà náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìṣáájú tí a ń pè ní WAL, kó sì rí i dájú pé WAL ti wà lórí dísìkì. Ojú-ewé gan-an lè dúró dìgbà mìíràn. Bí iná bá lọ, WAL la ó fi tún un kọ.

Bí dátábéèsì bá kọ WAL sínú fáìlì lásán tó sì fèsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti parọ́. Ohun tó kọ ṣì wà lọ́dọ̀ kánẹ́ẹ̀lì nínú RAM. Linux lè di irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó kà á sí èyí tó pẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tí fsync fi wà: àṣẹ tó ní kí kánẹ́ẹ̀lì gbé gbogbo ohun tó jẹ́ ti fáìlì yìí lọ sórí dísìkì, kó má sì padà wá fèsì títí yóò fi débẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé bí wọ́n bá lo dísìkì gbalasa tàbí O_DIRECT, wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ti kánẹ́ẹ̀lì lóòótọ́. Wọn kò bọ́ lọ́wọ́ ti dísìkì. Dísìkì náà ní RAM kékeré tirẹ̀ nínú. Bí o bá gbé búlọ́ọ̀kù fún un, ó lè sọ pé òun ti gbà á nígbà tó ṣì wà nínú RAM yẹn, bí iná bá sì lọ ní àkókò náà, ó ti lọ. A gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún dísìkì pé kó da RAM rẹ̀ sílẹ̀ sórí ibi tí kì í ṣí, fsync ló sì ń gbé àṣẹ yẹn lọ fún wa. Ẹni tó bá lo dísìkì gbalasa láì pa àṣẹ yìí ṣì ń kọ ìtàn sí orí omi. Àwọn SSD tí wọ́n ṣe fún ilé ìtọ́jú dátà ní kapasítọ̀ tó máa ń fún wọn ní agbára díẹ̀ láti parí iṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Púpọ̀ nínú SSD olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà ní Computer Village kò ní in.

Ìṣírò kékeré kan lè tú àṣírí dísìkì tó ń parọ́. Dísìkì oníyíyípo tó ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ń yí nígbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ènìyàn kan ṣoṣo bá ń kọ WAL, tó ń dúró de fsync kó tó kọ èyí tó kàn, búlọ́ọ̀kù tó kàn gbọ́dọ̀ yí dé abẹ́ apá tó ń kọ ọ́, kò sì lè ju nǹkan bí COMMIT 120 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Irinṣẹ́ pg_test_fsync tó ń bá PostgreSQL wá á wọn èyí fún ọ. Bí dísìkì oníyíyípo lásán bá ní òun ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kò gbé wọn dé ibi tó sọ.

Ojú-ewé tó ya tún wà. Ojú-ewé PostgreSQL jẹ́ 8KB, dísìkì sì ń kọ 4KB tàbí báìtì 512 lẹ́ẹ̀kan. Bí iná bá lọ láàárín, ìdajì ojú-ewé á jẹ́ tuntun, ìdajì á jẹ́ àtijọ́. PostgreSQL ń lo full_page_writes: ó ń kọ gbogbo ojú-ewé sínú WAL nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn checkpoint kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà tó bá kó àwọn ojú-ewé tó yí padà lọ sórí dísìkì. InnoDB ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, sí doublewrite buffer lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà sí àyè rẹ̀ gan-an. Dísìkì gbalasa kò yọ ẹnikẹ́ni nínú èyí. Mo ti rí ìmọ̀ràn káàkiri pé ká pa full_page_writes kí nǹkan lè yá. Ní ibi tí iná kò dúró, má gbọ́ ọ.

Fáìlì náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ní 2018, àwọn tó ń ṣe PostgreSQL rí i pé lórí Linux, bí kánẹ́ẹ̀lì bá gbìyànjú láti kọ ojú-ewé kan tí dísìkì sì kọ̀, ó lè sọ àṣìṣe náà lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì ka ojú-ewé náà sí èyí tó mọ́. PostgreSQL á tún pe fsync, fsync kejì á dáhùn pé ó ti yọrí, dátà sì ti sọnù. Fún ogún ọdún ni wọ́n ti gbà pé bí fsync bá kùnà, àtúnpè á tún un ṣe. Láti oṣù kejì 2019, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀dà 11.2 àti àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe pẹ̀lú rẹ̀, bí fsync bá kùnà, PostgreSQL á kàn dá ara rẹ̀ dúró pátápátá, á tún dìde, á sì fi WAL tún gbogbo nǹkan kọ. Ẹni tó ní dísìkì tirẹ̀ lọ́wọ́ tààrà kò ní irú alágbàsọ bẹ́ẹ̀ láàárín. Àṣìṣe á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an.

Dísìkì tó jẹ́ gbalasa lórúkọ nìkan

Lekki ti di ibi tí okùn abẹ́ òkun àti ilé ìtọ́jú dátà pọ̀ sí. MainOne, tí Funke Opeke dá sílẹ̀, mú okùn tirẹ̀ láti Portugal dé Èkó ní 2010. MDXi tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ṣí ilé ìtọ́jú dátà ní Lekki ní 2015. Ní oṣù kẹrin 2022, Equinix ti Amẹ́ríkà parí rírà MainOne, oṣù yẹn kan náà ni okùn Equiano ti Google gúnlẹ̀ sí Èkó. Nínú ilé ìtọ́jú dátà tó bá dé ipò Tier III, ọ̀nà iná ju ẹyọ kan lọ, a sì lè tún ọ̀kan ṣe láì pa sáfà. Sáfà kì í kú lójijì bí ti abẹ́ tábìlì akọ̀wé.

Àmọ́ ohun mìíràn yí padà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í yá sáfà gidi. Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń yá. Dísìkì tí wọ́n fún ọ lè jẹ́ /dev/vdb, kó mọ́ féfé, kó dà bí dísìkì gbalasa. Lábẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ fáìlì qcow2 kan lórí XFS nínú sáfà gidi tó gbé e ró. Ó lè jẹ́ ìpín kan nínú Ceph, tí Ceph náà sì ń lo dísìkì gbalasa. Ìwọ rò pé o ti bọ́ lọ́wọ́ ètò fáìlì, ètò fáìlì ẹlòmíràn lo jókòó lé. Ní irú àyè yìí, ìjíròrò lórí ìyára dísìkì gbalasa kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí o bi ẹni tó ń yá ọ ní sáfà ni bóyá àṣẹ ìdàsílẹ̀ rẹ ń dé ìsàlẹ̀. Nínú QEMU, ètò tó ń gbé irú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ró, bí wọ́n bá lo cache=none, O_DIRECT ni sáfà gidi náà ń lò, àṣẹ rẹ sì ń kọjá. Bí wọ́n bá lo cache=unsafe, QEMU á gbọ́ àṣẹ rẹ, á dá ọ lóhùn pé ó ti ṣe é, kò sì ní ṣe nǹkan kan.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mélòó kan, pẹ̀lú MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan. Ètò tí dátábéèsì rẹ̀ wà nílẹ̀ òkèèrè lè di ohun tó ṣòro láti dé láti Ajah nírú àkókò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí báìtì kan tó sọnù lórí dísìkì rẹ̀. A ó padà sọ́rọ̀ yìí ní orí kọkànlá, níbi tí a ó ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀dà dátábéèsì ní ibi méjì.

Tí wọ́n bá ní kí n yàn fún ilé-ìwé tàbí ilé-ìwòsàn ní Ajah, PostgreSQL lórí ext4 tàbí XFS ni mo máa yàn, full_page_writes á wà ní títàn, owó tó bá ṣẹ́ kù á lọ sórí SSD tó ní kapasítọ̀ àti bátìrì ínfátà tuntun. Báńkì tó ń lo Oracle, kó lo ASM. Dísìkì gbalasa gan-an, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ ètò ìpamọ́ fúnra wọn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Lo pg_test_fsync lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Fi èsì rẹ̀ wé ìṣírò 120 tó wà lókè. Bí dísìkì rẹ bá jẹ́ SSD, ṣàlàyé ìdí tí ìṣírò yíyí kò fi bá a mu, kó o sì sọ ohun mìíràn tí o lè fi mọ̀ bóyá ó ń parọ́.

2. Sáfà kan ní RAM 64GB. Dátábéèsì ń lo 48GB pẹ̀lú O_DIRECT. Lórí sáfà mìíràn tó ní RAM 64GB bákan náà, dátábéèsì mìíràn ń lo 16GB láìsí O_DIRECT. Ṣàlàyé ibi tí 48GB tó kù fún èkejì ń lọ, àti irú iṣẹ́ tí kò ní lọ dáadáa bí a bá gbà á kúrò.

3. Alábòójútó kan ní ìpín InnoDB gbalasa méjì lórí sáfà kan, ó sì fẹ́ kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ má ṣèèṣì fi mkfs lé wọn. Kọ ìwé àkọsílẹ̀ ojú-ewé kan tí yóò fi sílẹ̀ fún un.

4. Ẹni tó ń yá ọ ní sáfà ní Lekki kò mọ bóyá cache=none tàbí cache=unsafe ni wọ́n ń lò. Ṣètò ìdánwò kan tí o lè ṣe láti inú kọ̀ǹpútà tìrẹ nìkan, láì fọwọ́ kan sáfà rẹ̀, tí yóò jẹ́ kí o mọ̀. Sọ ohun tí ìdánwò náà lè ba jẹ́ kó o tó ṣe é.